Igi Irú Tó Wà Lórí Pápá Rọ́gíbì Wa

Lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ Ajé kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kọrin òwúrọ̀ tán. Ọ̀gá ilé-ìwé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ránṣẹ́ pè mí. Ó ní Ìgbìmọ̀ Rọ́gíbì ti tún ìdíje tò, kí àwọn ilé-ìwé kéékèèké bíi tiwa lè rí àǹfààní. Mo ní, "Àǹfààní wo, sà?" Ó yí lẹ́tà náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní òun náà ṣì ń wá a.

Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ pé wọ́n gbá rọ́gíbì rí ní Òkè-Ògùn yóò ní irọ́ ni mò ń pa. Kì í ṣe irọ́. Nígbà ìjọba ológun ni, lásìkò tí ilé-ìwé ń hù bí olú káàkiri tí tíṣà kò sì tó. Ìjọba kó olùkọ́ wá láti òkè òkun. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù, àwọn ará Íńdíà tẹ̀ lé wọn. Ilé-ìwé tiwa, ní ìlú kékeré kan ní apá Tẹ̀dé, rí ẹnì kan ṣoṣo gbà, olùkọ́ ìṣirò tó wá láti erékùṣù kan láàárín òkun. A wá orílẹ̀-èdè rẹ̀ lórí máàpù tó wà ní yàrá olùkọ́, a ò rí i. Òun ló fi hàn wá pé ojú ibẹ̀ gan-an ni a kan ìṣó sí nígbà tí a ń gbé máàpù náà kọ́.

Ọkùnrin gìrìwò ni, àwọ̀ rẹ̀ kò funfun, kò sì dúdú. Àwọn àgbà ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, wọ́n fẹnu kò pé Fúlàní ni, àmọ́ Fúlàní tó ń jẹun dáadáa. Eré tí wọ́n ń ṣe nílùú rẹ̀ ni rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù méjì wà nínú ẹrù tó gbé wá, àwọn méjèèjì gùn ṣọnṣọ lórí àti nídìí. Kí ọdún kan tó yí po, ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ wa.

Èmi ni tíṣà eré. Yorùbá àti ìmọ̀ Bíbélì ni mo kọ́ṣẹ́ láti kọ́ wọn, àmọ́ mo ti sáré rí nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́, ìyẹn sì ti tó kí ọ̀gá di gbogbo eré lé mi lórí. Ọmọ Ìgbòho ni mí, ìyàwó ni mo wá ṣe nílùú náà. Olùkọ́ ìṣirò ló mọ eré, èmi ni mò ń fọwọ́ sí ìwé. Bí mo bá sì ń pariwo létí pápá, àwọn ará ìlú a máa wá wò mí ju bí wọ́n ṣe ń wo eré lọ. Wọ́n ní irú eré wo lèyí, tí èèyàn ń sáré lọ síwájú tó ń ju ohun ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn? Mo ní ẹ lọ bi ìjọba, òun náà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé méje ló ń gbá a. Mẹ́ta jẹ́ ilé-ìwé ńlá láwọn ìlú ńlá, wọ́n ní bọ́ọ̀sì, wọ́n ní bàtà onírin lẹ́sẹ̀, àwọn olórí eré wọn ló sì para pọ̀ di Ìgbìmọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ ti di ẹni ńlá, ọ̀kan nínú wọn ló fọwọ́ sí ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Mẹ́rin tó kù ni àwa kéékèèké, aláìní bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń wọ kánfáàsì tàbí tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá a.

Ohun kan wà tí àwa ní tí àwọn tó kù kò ní. Igi irú kan wà lórí pápá wa.

Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ pápá ni mo wí o, orí pápá gan-an ni, bí ẹsẹ̀ bàtà ọgbọ̀n sí òpó góòlù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀ lè béèrè pé kí ló dé tí a kò gé e. Nígbà tí ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ìwé, ilẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, wọn kò fi igi sílẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti Lágbájá kí igi irú orí rẹ̀ jẹ́ ti Tẹ̀mẹ̀dù. O lè dáko yí i ká, o lè sùn lábẹ́ rẹ̀, o ò gbọdọ̀ já èso rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé kí o kan àáké mọ́ ọn. Ẹni tó ni igi yìí ni ìyálé ìyá ọkọ mi, obìnrin arúgbó kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Onírú. Ìyá ọkọ tirẹ̀ ló fi igi náà lé e lọ́wọ́. Bí èso bá pọ́n, ìdíje a dúró, nítorí àárín òpó ni Ìyá ti máa ń sá a.

Àwọn ọmọ wa kò ka igi náà sí ohun ìyọnu. Wọ́n ti kọ́ láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní ọdún tó ṣáájú lẹ́tà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ilé-ìwé ńlá wá bá wa gbá. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n rí igi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà wọn kan ya fọ́tò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọmọ wa tó gbé bọ́ọ̀lù dání forí lé igi náà tààrà, ó kù díẹ̀ kó kàn án ló yà. Ọmọ wọn tó ń lé e, òmìrán kan báyìí, kò rí ibi yà sí. Ó dì mọ́ igi. Kí ìsinmi tó dé, a tún ṣe é, òmìrán náà tún dì mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn, ó di àmì mẹ́jọ. Mẹ́fà ni tiwọn.

Ilé-ìwé kékeré kankan kò tíì na ilé-ìwé ńlá rí. Mo jó lọ́jọ́ náà débi pé gèlè mi já sílẹ̀, mi ò mọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni lẹ́tà àtúntò dé. Ó gùn, ó sì dùn-ún kà. Ó kí wa kú iṣẹ́. Ó ní eré náà ti ń dàgbà, ó wá yẹ kí a pín in sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó ní pápá tó péye yóò máa bá ara wọn gbá ní Ìpele Àkọ́kọ́. Àwọn tó kù yóò wà ní Ìpele Àǹfààní, níbi tí wọn yóò ti máa gbádùn eré láàárín ẹgbẹ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ní máa nà wọ́n nínà àbùkù. Ilé-ìwé kékeré tí pápá rẹ̀ bá péye lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e gòkè. Pápá tó péye ni èyí tí kò sí ohunkóhun tó dúró lórí rẹ̀ àyàfi òpó. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́.

Mo gbé lẹ́tà náà lọ fún olùkọ́ ìṣirò. Ó kà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi nu ojú. Gẹ̀ẹ́sì ni a jọ máa ń sọ. Ó ní, "Mádáàmù, wọ́n ti kọ lẹ́tà yìí sí orílẹ̀-èdè mi rí."

Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ńlá tó ń gbá rọ́gíbì máa ń bá ara wọn gbá lọ́dọọdún, ilẹ̀ wọn kún fún èrò, rédíò a máa sọ ọ́. Ní ti orílẹ̀-èdè tirẹ̀, ó lè tó ọdún mélòó kan kí àwọn ńlá náà tó yọjú síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì máa wá, wọn a fi àwọn akọni wọn sílẹ̀ nílé, wọn a kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ wá. Bí àwọn ará ilé rẹ̀ bá wá fẹ́ẹ́ nà wọ́n, ìwé á dé. Wọ́n á ní pápá kò dára. Àwọn ará ilé rẹ̀ á tún pápá ṣe, àwọn ńlá á ní ìjókòó kò sí. Wọ́n kan ìjókòó, wọ́n ní ọ̀nà jìn. "Ọ̀nà náà kò jìn kí a tó fẹ́ẹ́ nà wọ́n," ló wí. Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ẹ má gé igi yẹn o, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbà yín wọlé."

Inú bí mi. Mo jẹ́ ẹni tí inú máa ń tètè bí, ọkọ mi lè jẹ́rìí. Mo ní ìlú tiyín nìyẹn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹnikẹ́ni. Níbí, a mọ bàbá Alága Ìgbìmọ̀, a mọ agboolé rẹ̀. Ó ní ó dáa.

Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí àwọn ọmọ wa tún bá wọn gbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n ti ń sọ káàkiri pé igi ló nà wọ́n, pé kì í ṣe àwa. Ọ̀rọ̀ náà ta sí mi lára. Bí mo bá jí lóru, òun ni mo máa ń rò.

Ìgbìmọ̀ fi ọjọ́ sí i pé àwọn yóò wá wo pápá. Ìlú múra. Ẹni mẹ́ta ló wá, Alága ló ṣáájú, ọkùnrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò òyìnbó tó gún régé. Àlejò bí òkété là á fi èkùrọ́ lọ̀, a kò jẹ́ kí wọ́n dé orí pápá rárá kí a tó mú wọn lọ sí ilé Baálẹ̀. Wọ́n jẹ iyán, wọ́n jẹ ẹran ìgalà. Àwa náà jókòó, a ń wo ẹnu wọn. Lọ́dọ̀ wa, a kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá títí yóò fi jẹun tán. Nígbà tí wọ́n sì jẹun tán, oòrùn ti ń rọ̀, wọn kò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wọn lójú ọ̀nà.

Alága nu ọwọ́, ó yíjú sí Baálẹ̀. Ó ní, "Baálẹ̀, ẹ ti ṣe é tán. Igi yẹn nìkan ló kù. Ẹ bá wa gé e, ẹ ti wọlé nìyẹn."

Ilé hó yèè. Olùkọ́ ìṣirò, tó ti kọ́ Yorùbá tó láti gbọ́ ìyẹn, fa pépà jáde nínú àpò, ó fa gègé jáde, ó ń dìde bọ̀. Ara mi bù máṣọ. Àgbàlagbà tó jẹ iyán ẹni, tó sì sọ̀rọ̀ lójú Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè, ẹ wá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀? Ó já sí pé ẹ ń pè é ní òpùrọ́ nìyẹn, àti ìran rẹ̀. Baálẹ̀ wúkọ́. Gbogbo ojú yí sí mi, nítorí èmi ni wọ́n mọ̀ pé ó mú olùkọ́ náà wá síbẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gba gègé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi há irun mi bí òòyà. Ó jókòó padà. Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ṣì ń rí ẹ̀rín yẹn.

Ó wá ku Ìyá Onírú.

Bí ẹlòmíì ló lọ bá a, ì bá lé e jáde. Èmi ni wọ́n rán, nítorí ìyàwó ilé ni mí. Àṣà kan sì wà ní agboolé wa pé bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ síwájú àgbà ilé tí kò dìde, àgbà náà kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, kò gbọdọ̀ fi nǹkan sẹ́nu, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Àwọn ìyàwó kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ẹni bá ń kú lọ, èèyàn lè ṣe é. Èmi ṣe é nítorí rọ́gíbì.

Mo bá a níbi tó ti ń ṣa irú lórí atẹ. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún un.

"Dìde, ìyàwó."

"Mi ò ní dìde, Ìyá, àfi tí ẹ bá gbọ́ tèmi."

Ó wò mí. "Ó ti wá tóyẹn?"

"Ó tó o, Ìyá. Bí wọ́n bá gé e, wọ́n á mú wa mọ́ra."

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn ilé-ìwé ńlá."

"Ṣebí àwọn náà lẹ nà lọ́jọ́sí, tó o wá ń jó kiri tí gèlè rẹ já bọ́?"

"Àwọn ni, Ìyá."

"Ẹni tẹ́ ẹ ti nà, kí lẹ tún ń bẹ̀ ẹ́ sí?"

Mo ní wọ́n ń sọ pé igi ló nà wọ́n. Ó ń ṣa irú rẹ̀ lọ. Ó ní, "Igi yẹn ló rán ọkọ rẹ lọ sílé-ìwé. Òun náà ló tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ṣàìsàn ọdún méjì. Mi ò bímọ ọkùnrin, o mọ̀. Igi yẹn ni mo ní." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣàròyé, ó kàn ń rò ó fún mi bí ó ṣe rí.

Ó yẹ kí n dìde. Ojú tì mí, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dìde, orúnkún sì ti ń dùn mí. Mo rántí ẹ̀rín àwọn ọmọ bọ́ọ̀sì yẹn lábẹ́ igi, mo sì dúró síbẹ̀. Ìyàwó kan gbé ẹ̀kọ Ìyá dé, ó bá mi lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé e padà. Wọ́n tún gbé e dé lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n tún gbé e padà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Nígbà tó yá, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gé e. Ẹ má ṣáà gé e lójú mi." Ní ọjọ́ kejì ó di ẹrù kékeré kan, ó wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Òkákà.

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé igi náà, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi hú gbòǹgbò. Gbogbo ìlú ló ṣe ọ̀wẹ̀ rẹ̀, télọ̀, àgbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ru yangí dí kòtò náà, wọ́n gún un títí ó fi le. Pápá náà tẹ́ rẹrẹ, ó péye. Olùkọ́ ìṣirò kò bá wọn fọwọ́ kan àáké, àmọ́ ó bá wọn ru yangí. Nígbà tó tún kó àwọn ọmọ jáde láti gbá a, ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù dání forí lé ibi tí igi wà tẹ́lẹ̀, ó yà. Ẹni tó ń lé e kò yà, nítorí kò sí ohun tó máa yà fún, ó sì gbé e lulẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, ó tún yà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi ń yà fún afẹ́fẹ́.

Lẹ́tà kejì dé lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ìgbìmọ̀ dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ wa fún ìfẹ́ tí a ní sí eré náà. Wọ́n ní ó dùn wọ́n pé Ìpele Àkọ́kọ́ ti kún, nítorí ilé-ìwé méjì láti Ìbàdàn ti darapọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n sì ti wá rí i pé pápá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ ní ilé ìpààrọ̀ aṣọ tí omi ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò sí ní ilé Baálẹ̀ pàápàá. Àmọ́ kí inú wa lè dùn, wọ́n ti ra ife ẹ̀yẹ fún Ìpele Àǹfààní, wọ́n sì fẹ́ kí a mọ̀ pé ó tóbi ju ti Ìpele Àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní òun yóò lọ rán Alága létí ọ̀rọ̀ tó sọ. Ó lọ, Alága gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní mínírà. Ó ní òun rántí iyán náà dáadáa, kò sírú ẹ̀ mọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ igi, ó ní ìmọ̀ràn lòun gbà wá, kì í ṣe Ìgbìmọ̀ ló sọ ọ́. Ó béèrè bóyá a ní in lákọsílẹ̀. Ọ̀gá dé, ó sọ ọ́ fún wa ní yàrá olùkọ́. Mi ò lè gbójú sókè. Olùkọ́ ìṣirò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ lọ. Ì bá sàn kó bú mi.

A gbá Ìpele Àǹfààní. Ilé-ìwé mẹ́rin ni wá. Ọ̀kan kò ní bọ́ọ̀lù, ẹ̀kejì ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó wá ku àwa àti ilé-ìwé kan. A nà wọ́n. Alága kò rí àyè wá. Dírẹ́bà ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ife náà wá, ó ní òun ò lè já a sílẹ̀ àfi tí tíṣà eré bá fọwọ́ sí ìwé pé ó gbà á. Ìyẹn wà lákọsílẹ̀. Mo fọwọ́ sí i níbi mẹ́ta.

Olùkọ́ ìṣirò yẹ ife náà wò tìyanu tìyanu, ó ní irú rẹ̀ mẹ́ta ló wà nílùú tòun, wọ́n tò ó sínú àpótí onígíláàsì. Kí oṣù náà tó parí, àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó lọ sílé. Ó fi bọ́ọ̀lù méjèèjì sílẹ̀ fún mi.

Baálẹ̀ ní kí n gbé ife náà lọ fi han Ìyá Onírú, pé ó tọ́ sí i ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo dì í sínú aṣọ funfun. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa irú. Irú Ṣakí ni, ó rà á lọ́wọ́ alájàpá, ó ní èyí tí wọ́n tà fún òun kò gbó. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo tú aṣọ náà, ife náà sì ń kọ yẹ̀rì nínú oòrùn.

"Òun nìyẹn?"

"Òun ni, Ìyá. Ó tóbi ju tiwọn lọ."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó gbà á. Ó fi ọwọ́ kan eteetí rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí ó fi kan ìdí. Ó wá fa atẹ irú mọ́ra, ó ń bù ú sínú ife náà, ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó ń fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́ kó lè gbà sí i. Ìkẹrin kò wọlé mọ́. Ó wo irú tó kù lórí atẹ. Ó wo ife.

"Kò gba irú ọjọ́ ọjà kan, ìyàwó," ló wí, ó sì dà á padà sórí atẹ.